Ohun Tí Ìyàwó Nóà Sọ

Ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, Bísí ìyàwó mi ní kí n bá òun ká apá ẹ̀wù òun sókè, nítorí pé ewùrà ti kún ọwọ́ òun méjèèjì. Ìkọ́kọrẹ́ ló fẹ́ sè. Ó ti rin ewùrà náà dé ìdajì. Mo ká apá ọ̀tún, mo ká ti òsì. Ó ní ti òsì ti ń já bọ́. Mo tún un ká.

Ilé ìdáná wa ní ìlú kékeré yẹn, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gba ju ènìyàn méjì lọ. Ẹni tó bá jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé gbọ́dọ̀ fa ẹsẹ̀ mọ́ra kí ẹni tó ń dáná tó lè kọjá. Orí àga yẹn ni mo wà. Mo ń sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà fún un.

Báyìí la ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. N kì í wọ kíláàsì láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ iṣẹ́ náà fún Bísí nílé ìdáná. Bí mo bá sọ ọ́ tán, òun náà á tún un sọ padà fún mi bó ṣe yé e. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, èmi ni mo kọsẹ̀ níbẹ̀, màá sì lọ tún un tò.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ àwọn eré Bíbélì ni. Ní ayé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn ìlú ńlá a máa pín ìtàn Bíbélì láàárín ara wọn, láti ìṣẹ̀dá títí dé ìdájọ́ ìkẹyìn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé ìtàn tirẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n á máa tì í láti ojúde kan dé òmíràn, wọ́n á sì máa ṣeré rẹ̀ fún gbogbo ìlú ní èdè tí gbogbo ìlú gbọ́. Ìtàn Nóà sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ omi tàbí pákó.

“Nóà kan ọkọ̀ tán,” mo ní. “Omi ti ń dé kókósẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wọlé. Ìyàwó ní òun ò wọ ibì kankan.”

“Ó káre. Ṣé ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun ń kan ọkọ̀?”

“Kò sọ fún un.”

“Ẹ ò rí i? Ọkùnrin á wà nídìí pákó láti ọdún dé ọdún, kò ní wí nǹkan kan. Ọjọ́ tí òjò bá dé ló máa pariwo.”

“Ìyàwó ní àfi bí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá bá òun wọlé.”

Bísí rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé ewùrà sílẹ̀. “Ẹ dákẹ́ ná! Àwọn òyìnbó ló ṣe ìyẹn?”

“Àwọn ni.”

“Báwo ni wọ́n ṣe wá gbé e wọlé?”

“Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé e. Bó ṣe wọlé, ó gbá Nóà létí.”

“Ó tọ́ sí i.” Ó mú ewùrà rẹ̀ padà. “Tó wá wọlé tán, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ló sọ?”

Mo wo aago. Bọ́ọ̀sì mi ti fẹ́ dé. “Màá sọ fún ọ tí mo bá dé.”

“Ẹ má gbàgbé o. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.”

Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

*

Mo kúrò ní Ìpẹ̀rú nígbà tí Tóyìn, ọmọ wa kan ṣoṣo, ṣì ń rá kòrò. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí nígbà náà, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún mi láti lọ ka ìwé sí i lókè òkun. Ohun tí mo lọ kà ni ìtàn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì àti ìtàn ní èdè tiwọn, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àbúrò ìyá Bísí, àgbẹ̀ kan ní Líkòsí, ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Mo ṣàlàyé títí. Ó wò mí.

“Àwọn òyìnbó náà,” ó ní, “ṣé wọn ò lè ka ìwé baba tiwọn fúnra wọn ni?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nínú ilé tí mo háyà yàrá sí, a máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ara wa lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ á dúró sí yàrá rẹ̀ títí ìyẹn á fi kọjá. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún púpọ̀ ní Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin tó ń ta tíì níwájú ilé ìkàwé bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn, nítorí pé n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó sọ. Èdè àríwá ló ń sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní Ìpẹ̀rú pé àwọn náà ní ẹ̀ka èdè, bí àwa Rẹ́mọ ṣe ní tiwa.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì láàárọ̀, mo ń lọ ka ìwé lọ́sàn-án. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú búrẹ́dì tí ó bá wọ́ kúrò lórí bẹ́líìtì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá wé e. Ọkùnrin tó ń dúró ní òdìkejì mi ń jẹ́ Kọ́lìn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, kì í sì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan ní àkókò ìsinmi, mo sọ fún un pé láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń fún ní eré oúnjẹ alẹ́ Olúwa ní irú ìlú báyìí.

Ó ronú sí i. “Ta ló ń ṣe Júdásì?”

“Mi ò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣá.”

“Máníjà ni,” ó ní, ó sì gbé tíì rẹ̀ mu.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín jáde látinú nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé.

Nínú ewì tó pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà, èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́nu nínú gbọ̀ngàn àwọn olóyè kí àwọn àlùfáà inú ilé ìsìn tó kọ wọ́n sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó jìnnà sílé pọ̀ níbẹ̀. Olóyè rẹ̀ ti kú, ẹbí rẹ̀ ti tú ká, òun sì wà lórí omi tàbí ní ìlú onílùú nígbà òtútù. Ṣáájú kí n tó kúrò nílé, mo ti ka irú ewì bẹ́ẹ̀, mo rò pé àpọ́nlé ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí mo tún un kà nínú yàrá mi, mo rí i pé ìròyìn ni. Ẹni náà ń sọ bí ọjọ́ ṣe rí fún un ni, kò fi nǹkan kan kún un.

*

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń lọ sínú àpótí tẹlifóònù kan ní ìkóríta, màá fi káàdì pe ilé tẹlifóònù tó wà nítòsí gáréèjì ní Ìpẹ̀rú. Bísí á ti máa dúró dè mí níbẹ̀. Kì í dá wá. Fúnmi máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti jọ wà, wọ́n jọ lọ ilé ìwé tíṣà, wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fúnmi ló máa ń kọ́kọ́ gba fóònù.

“Bàbá Tóyìn, ṣé ẹ ti fẹ́ òyìnbó?”

“Òyìnbó wo ló máa fẹ́ oníbúrẹ́dì?”

“Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ gba ìyàwó yín.”

Mo ń sọ fún Bísí pé kó máa bọ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ti jáde, ti ọmọ náà ti jáde. Ó ń sún un síwájú.

“Ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?” ó ní lọ́jọ́ kan. “Ẹ̀yin àti àwọn òkú yín?”

Ó tọ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ fi ojú kan Bísí, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé irú ẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpẹ̀rú, nígbà ìkórè, àwọn ẹgbẹ́ a máa ṣe eré Bíbélì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú ìtàn tirẹ̀, wọ́n sì máa ń bára wọn jà lórí rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe ti Jóòbù, gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe ti Ẹ́sítérì nítorí aṣọ. Ọdún kan, ti Nóà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Wọ́n fi àga ilé ìwé àti tapólì ṣe ọkọ̀. Bísí ni ìyàwó Nóà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan fún un nínú eré náà. Wọ́n ní kó rọra tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wọlé, kó jókòó. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tapólì, ó dúró, ó yíjú sí ibi tí àwọn akọrin jókòó sí, ó sì ké tòò:

“Fúnmi! Ìwọ ńkọ́? Máa bọ̀!”

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Fúnmi dìde pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́, kò mọ bóyá kí òun wá tàbí kí òun jókòó. Inú bí àlùfáà, ó ní wọ́n fi Ìwé Mímọ́ ṣe àwàdà. Èmi ń bẹ ní ìlà kẹta, mo ń wo ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ tó sì ń retí èsì.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nínú ilé ìkàwé kan tó tutù, kí n tó kà á pé àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ìyàwó Nóà ní ayé àtijọ́. Mo pa ìwé náà dé. Mo jáde lọ dúró síta fún ìgbà díẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, Fúnmi ló gbé e wọ ọkọ̀. Òun ló di ẹrù rẹ̀, òun ló bá a gbé Tóyìn dé pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n sọ fún mi pé ó tì í lẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Máa lọ, jàre. Bí ibẹ̀ kò bá dáa, wàá padà wá.”

*

Ní oṣù tó kọ́kọ́ dé, Bísí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rí iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń padà wálé. Obìnrin àgbàlagbà kan ń gbé nínú ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Bísí ń kí i láràárọ̀ bó bá ń jáde. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

“Àgbàlagbà ni,” ó ní. “Màá kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára igi?”

Ó ń kí i lọ, láti ìgbà òtútù wọ ìgbà ooru, títí òtútù fi tún dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà gbé orí sókè, ó ní ilẹ̀ ń yọ̀, kí Bísí rọra máa lọ. Bísí padà wọlé wá sọ fún mi kó tó máa lọ síbi iṣẹ́. Ó pẹ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bá a wí, kò sì dùn ún.

Ọdún yẹn náà ni mo parí ẹ̀kọ́ mi, tí wọ́n sì gbà mí láti máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílé ìdáná, mo ń kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn, mo ń fà á ya. Bísí ń fọ ẹ̀wà.

“Ẹ sọ ọ́ fún mi,” ó ní. “Kí èmi náà mọ ohun tí mo torí ẹ̀ kúrò nílé.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo sọ ti àwọn ẹ̀yà tó gba orí òkun wá sí erékùṣù náà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Mo sọ ti àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run tó kọ́ wọn ní ìwé kíkọ, àti ti àwọn jàǹdùkú orí omi láti àríwá tó jó ilé ìsìn àti ìwé inú rẹ̀. Mo sọ pé ọba kan wà tó ní kí wọ́n túmọ̀ ìwé sí èdè tiwọn nítorí pé àwọn tó gbọ́ èdè Látìn ti kú tán. Lẹ́yìn náà ni ọba mìíràn gba ojú omi gúúsù wá, tó ṣẹ́gun wọn, tó sì pín ilẹ̀ wọn fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Èdè Faransé ni àwọn wọ̀nyí ń sọ.

“Láti ìgbà náà,” mo ní, “fún ìran púpọ̀, bó o bá wà láàfin, Faransé lò ń sọ. Bó o bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Látìn. Gẹ̀ẹ́sì wà fún àgbẹ̀, àti fún àwọn tó ń dáná.”

Ọwọ́ Bísí dúró nínú omi ẹ̀wà. “Gẹ̀ẹ́sì?”

“Gẹ̀ẹ́sì.”

“Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n torí ẹ̀ nà wá ní ilé ìwé pé a sọ Yorùbá? Èdè ilé ìdáná ni?”

“Nígbà kan rí. Kódà, lójú oko, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni màlúù ń jẹ́. Tó bá ti di ẹran lórí tábìlì olówó, orúkọ Faransé ló ń jẹ́.”

“Nítorí pé ẹni tó sìn ín kọ́ ló ń jẹ ẹ́.” Ó mi orí. “Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wá sọ bó ṣe kúrò nílé ìdáná.”

Ìyẹn gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mo sọ pé ìjà pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé wà nínú rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn kan tó pa àgbẹ̀ pa àlùfáà sì wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn tó kù di ẹni tí à ń bẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣẹjọ́, wọ́n ń fi kọ́ ọmọ. Àwọn akéwì inú ààfin náà wá ń fi kéwì, nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n lè fi í pani lẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì fi í sunkún. Àwọn oníwàásù kan túmọ̀ Bíbélì sí i, ìyà sì jẹ wọ́n nítorí rẹ̀. Bí mo bá sọ, Bísí á tún un sọ. Bó bá sọ tirẹ̀ padà, ọba tó ṣẹ́gun náà á di ẹni tó gba ọ̀nà Ìkòròdú wọlé, àwọn tó ń rin ìrìn àjò mímọ́ nínú ewì wọn á sì máa jẹun ní ìyànà Simawa kí wọ́n tó máa lọ. Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ kì í yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń mú bó ṣe tò ó lọ sí kíláàsì.

A pẹ́ níbẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Tóyìn dàgbà níbẹ̀, ó ń sọ èdè àríwá bí ọmọ ibẹ̀, ọmọ ibẹ̀ náà sì ni. Èmi mọ ìtàn ìlú náà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Mo mọ ẹni tó mọ odi rẹ̀ àti ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lójú pópó rẹ̀. Wọ́n ṣì ń bi mí ìgbà tí mò ń padà sílé. Kò bí mi nínú. Mo mọ̀ nínú ìwé tí mò ń kà pé àlejò àtijọ́ ni gbogbo wọn, pé èdè tí wọ́n fi ń bi mí léèrè, orí ahọ́n àlejò ló ti wá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò sọni di onílé. Nígbà tí mo bá sì wá sí Ìpẹ̀rú fún ìsinmi, àwọn ọlọ́kadà ń pè mí ní “Bàbá Lọ́ńdọ̀nù,” èmi tí n kò gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Ibi kan ṣoṣo tí n kò ti jẹ́ àlejò ni orí àga ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí mo ti ń fa ẹsẹ̀ mọ́ra kí Bísí lè kọjá.

*

Nígbà tí mo dé láti kíláàsì lọ́jọ́ náà, ìkọ́kọrẹ́ ti jinná, ó ti fi ọmọrí dé e. Bísí wà lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, ó ní kò jẹ̀rora pẹ́. Àwọn tó wá pẹ̀lú áńbúláǹsì ṣe iṣẹ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Obìnrin ilé kejì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú.

A fi ọkọ̀ òfurufú gbé e padà wá sílé. Èmi àti Tóyìn wà lórí ìjókòó, òun wà nísàlẹ̀ níbi ẹrù. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tó wọ ọkọ̀ láìbéèrè ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n sin ín sí itẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpẹ̀rú. Tóyìn padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò padà. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún náà fún mi.

Láti ìgbà náà, n kò kọ ìlà kan. N kò tilẹ̀ ka ìwé. Bí mo bá ṣí i, mo máa ń gbọ́ ìbéèrè yẹn: tó wá wọlé tán, kí ló sọ?

Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìkórè, Fúnmi wá sílé mi. Òun ni Ìyá Ẹgbẹ́ báyìí. Ó jókòó láìjẹ́ pé mo fún un ní ìjókòó.

“Bàbá Tóyìn, ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ti Nóà lọ́dún yìí ní ìrántí Bísí. Èmi ni ìyàwó.”

“Ó dáa.”

“Àlùfáà tó ń bá wa jà nígbà náà ti lọ sọ́run, èyí tó wà níbí kò ní bínú. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá pe Bísí, bó ṣe pè mí. Ìyẹn kò le. Ohun tó kù ni pé màá wá wọlé.” Ó wò mí. “Tí mo bá wọlé, kí ni kí n sọ? Bísí ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.”

“Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọjọ́ yẹn náà. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní ìkọ́kọrẹ́ wà lórí iná. Ó sọ ìtàn ìyàwó Nóà fún mi, ó ní ẹ ò tíì parí rẹ̀, pé tí ẹ bá dé, òun á pè mí padà.”

Mo dìde, mo lọ mú omi fún un.

“Ẹ kọ ọ́ fún wa,” ó ní. “Ní Yorùbá o, ẹ má kọ Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì.”

“Fúnmi, n kò kọ nǹkan mọ́.”

“Ó dáa náà. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ìyàwó Nóà á wọlé, á jókòó, á panu mọ́ títí omi á fi gbẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ní kí Bísí ṣe nìyẹn.” Ó mu omi rẹ̀, ó dìde. “Ẹ kú ilé.”

Ohun tó wà nínú ìwé kò sòro. Ohùn àwọn eré àtijọ́ náà kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Nínú òmíràn, obìnrin náà wọlé tán, kò wí nǹkan kan mọ́. Nínú òmíràn, ó ń béèrè àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé omi ti gbé wọn. Nínú òmíràn, ó bá wọn tu ọkọ̀, ó ń wo bí omi ṣe jìn tó. Ǹ bá ti sọ ìyẹn fún Bísí kí bọ́ọ̀sì tó dé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dà bí ìdáhùn ìdánwò. Mo fà á ya. Mo gbìyànjú ní Yorùbá, ó dà bí ìwàásù. Àga kejì wà nílé ìdáná níbí náà. N kò lè máa sọ ọ́ fún àga.

Tóyìn pè mí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ní àkókò oúnjẹ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Nísinsìnyí, òun ló wà lọ́hùn-ún tó ń pe ilé. Mo sọ ohun tí Fúnmi fẹ́ fún un.

“Dádì, kí ni Mọ́mì ì bá sọ?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ rántí bó ṣe máa ń ṣe ní Sunday? A máa wà nínú bọ́ọ̀sì, á kàn wo aago, á ní, ‘Wọ́n ti ń kọ orin ìjáde báyìí. Fúnmi ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì.’ Tí a bá lọ ra nǹkan ní Tesco, á ní, ‘Fúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù.’ Ó máa ń dójú tì mí nígbà yẹn. Mo máa ń sọ fún un pé, ‘Mọ́mì, àwọn èèyàn ń wò wá.’”

“Mo rántí.”

“Kì í sunkún, àbí? Ó kàn ń sọ ibi tí wọ́n wà ni.”

Ó ní wọ́n ti ń pe òun. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sílé ìdáná, mo kọ ọ́. Kò gùn. Ohun tí ìyàwó Nóà sọ nìyí, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn:

“Ó dáa, mo ti wọlé. Ẹ má fà mí mọ́. Àkókò yìí ni ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, kí eruku má bàa sọ. Àkókò yìí ni àwọn ọmọ ìyá mi ń lọ sóko, èyí tó kéré jù lọ ló ń kẹ́yìn. Mo gbọ́ omi. Ẹ fún mi ní ọ̀pá gígùn yẹn, kí n máa fi wọn bó ṣe jìn tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà.”

Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀kan. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni tún un sọ padà. Mo wọ bàtà, mo mú un lọ fún Fúnmi.

Ó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípù ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ó ti wọ́n omi sílẹ̀, ìgbálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀ sí abẹ́ apá, ó fi dígí sójú, ó kà á. Ó tún un kà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kọjá, ó dúró kí ariwo rẹ̀ lọ tán.

“Ta lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?” ó ní.

“Kò sẹ́ni.”

“Ẹ dá a kọ?”

“Mo dá a kọ.”

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ lọ.